Adésànmí Kò Gbà Kí Àṣekágbá Wọ Abẹ́ Òrùlé

Mo fi ọdún mẹ́rin ju Adésànmí Ògúnjìnmí lọ. Mo tètè ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo rí i fín, nítorí "wọ́n" ni gbogbo ìjọ wa ní Alessandria ń pè é, èmi nìkan ni mo ń pè é ní "ó". Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí àwa méjèèjì jọ ń tò níwájú questura, àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí permesso, ìwé ìgbélùú, tí bàtà kan ṣoṣo ló ní, tí bàtà náà sì lanu. Yẹ́misí lorúkọ tèmi. Irun ni mo ń ṣe nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ìjọ wa káàkiri àríwá Ítálì. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Mi ò jiyàn.

Ọmọ Ìkirè ni Adésànmí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó ẹrù nínú magazzino ńlá kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ẹja àti ewébẹ̀ dídì sí kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ sí àwọn ilé ìtajà. Òtútù inú yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ fi ìwọ̀n méjìlélógún wà nísàlẹ̀ òdo. Mo wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé, kí n tó sọ̀rọ̀ méjì, irun imú mi ti gan. Ọdún kọkàndínlógún rẹ̀ rèé níbẹ̀. Àwọn òyìnbó tó bá níbẹ̀ ti sá lọ tán, òun ló wá ń kọ́ àwọn tuntun: ìbọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ọ̀kan nípọn, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nínú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níta, tíì gbígbóná kí wọ́n tó padà wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì dá wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń ṣàlàyé òtútù, ẹ ó rò pé ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ni.

Òun ló dá ìdíje yìí sílẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ìjọ Torino, Padova, Bologna, Milano àti tiwa ní Alessandria ni wọ́n ń kópa. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá á bi wá pé kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní, nínú òtútù nini, la ń gbá àṣekágbá. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Àwọn ọmọ wa tó wà ní fàbíríìkì ń ṣe turno, ẹlòmíì òru, ẹlòmíì ọ̀sán. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ ìsinmi nìkan ni wọ́n ń jáde, ọjọ́ ìsinmi sì ni ìsìn. Nígbà ooru, àwọn kan ti lọ sílé, àwọn kan ń ká tòmátì ní gúúsù. Ọjọ́ kẹfà yẹn ni ọdún Epifania wọn, gbogbo Ítálì ló ti ìlẹ̀kùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ gbogbo wa dilẹ̀ pọ̀ nìyẹn.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní ọdún ni àwọn ìjọ wa ń gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Omi nìkan ni à ń mu títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ kẹfà ààwẹ̀ ni àṣekágbá máa ń bọ́ sí lọ́dọọdún, a kò sì rò ó sí nǹkan kan. Mo rò pé àwa nìkan láyé la lè ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ká sì tún máa gbàdúrà kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa yá.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo àṣekágbá yẹn ná. Mọ́kànlá sí mọ́kànlá, lórí koríko gidi, ní pápá kan létí ìlú wa. Ọgọ́rùn-ún méje èèyàn ló ń wá. Bọ́ọ̀sì á gbéra ní Padova ní agogo márùn-ún ìdájí. Àwọn ará Ítálì àdúgbò á fara ti ọgbà, àwọn ìyá àgbà wọn á yọjú láti balcone pẹ̀lú ìborùn lórí èjìká. La finale, ni wọ́n ń pè é, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un mọ́. Èmi tí mo kórìíra òtútù bí ìkà kórìíra oore, mo máa ń dúró síbẹ̀ dópin, orí mi á sì máa wú.

Ní èṣí, Gbénró ṣubú. Ọmọ Torino ni Gbénró, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, òun ló yára jù nínú wọn. Ó ń sáré lọ ní ìdá kejì eré, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó sì wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Ètè rẹ̀ funfun. Ambulanza gbé e lọ, Adésànmí sì bá wọn lọ láti máa túmọ̀ èdè. Ó yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò rẹ̀ ti dé Ìbàdàn, àwọn ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá pé ṣé a fẹ́ fi òtútù pa ọmọ àwọn ni.

Ní oṣù kẹwàá, ìgbìmọ̀ pàdé ní ẹ̀yìn ilé oúnjẹ kan ní òpópónà Via Padova ní Milano. Alága wa, Adébíyìí, ará Padova, ti rí palazzetto kan, gbọ̀ngàn eré ìdárayá, ní Torino tí wọ́n fẹ́ yá wa.

"Ẹ̀gbọ́n Adésànmí, ẹ jẹ́ ká sòótọ́," ó ní. "Riscaldamento tó ń mú ilé gbóná wà ńbẹ̀, ìjókòó wà ńbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bagno tó mọ́, wà ńbẹ̀. Wetin we dey find inside ice, inside ghiaccio? Ìdíje pàtàkì báyìí, abẹ́ òrùlé ló yẹ ẹ́."

"Mo fara mọ́ ọn," ni èmi náà wí. "Àgbà ti dé sí mi. Eékún mi ò sí fún eré mọ́."

Adésànmí kò gbójú sókè. "Èèyàn mélòó ni wọ́n ń gbá á nínú palazzetto?"

"Cinque contro cinque."

"Mọ́kànlá ló wà nínú tíìmù. Àwọn mẹ́fà tó kù ńkọ́? Kí n ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́? Èèyàn mélòó ló gbà?"

"Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta."

"Irinwó á dúró sílé nìyẹn." Ó wá gbójú sókè. "Ta ni nínú wa tí capo, ọ̀gá iṣẹ́, sọ fún rí pé, òtútù yìí pọ̀, máa lọ sílé? Tí ẹrù ẹlòmíì bá wà nílẹ̀, ara wa ń gbà á. Tí màmá ẹlòmíì bá fẹ́ wẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀ nínú neve, nínú yìnyín, à ń rìn débẹ̀. Ọjọ́ kan péré ló jẹ́ tiwa nínú ọdún, ọjọ́ yẹn wá la fẹ́ sá pamọ́. Rárá o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kì í sì í ṣe òtútù ló gbé Gbénró ṣubú. Ebi ni."

Gbogbo wa yíjú wo Pásítọ̀ Adélaní, olùṣọ́-àgùntàn wa ní Alessandria, tó jókòó lórí àga tó kángun sí ògiri.

"Dókítà bi mí nínú ambulanza pé, ha mangiato, ṣé ó ti jẹun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni," Adésànmí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo purọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìjọ wa ṣẹlẹ́yà. Ọmọ yẹn ò jẹ nǹkan kan láti alẹ́ àná rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa ṣubú."

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Pásítọ̀, ààwẹ̀ wọn sì le ju ti gbogbo wa lọ. "Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e, kó jẹun," wọ́n ní. "Ọlọ́run kì í ṣe òǹrorò."

A dìbò. Mẹ́fà ní ká wà lórí koríko, márùn-ún ní ká wọ abẹ́ òrùlé, èmi wà lára àwọn márùn-ún. Ṣùgbọ́n Adébíyìí fi àdéhùn kan kún un, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: bí ẹnì kan ṣoṣo bá tún ṣubú, palazzetto la ó máa lò títí láé, Adésànmí á sì fi ètò ìdíje sílẹ̀. Adésànmí fọwọ́ sí i láì tún un kà.

Ọjọ́ náà dé. Torino àti Padova ló pàdé. Adésànmí ti tọrọ àwọn aṣọ nínípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù dídì ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó ti gbó, ó sì ti fi bo iwájú òpó góòlù méjèèjì láti ìrọ̀lẹ́ àná. Nígbà tí a ká wọn kúrò láàárọ̀, koríko abẹ́ wọn rọ̀, nígbà tí ìyókù pápá funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i. Òòrùn yọ díẹ̀díẹ̀, yìnyín orí koríko sì ń yọ́ lọ. Rẹfirí, ará Ítálì kan tó lè ní ogójì ọdún, fi bàtà tẹ ilẹ̀ yí ká, ó ní ó dára. Ìwọ̀n mẹ́ta nísàlẹ̀ òdo ni òtútù wà. Aago méjì la fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Láti aago mọ́kànlá ni Adésànmí ti gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹ̀wà sínú spogliatoio, yàrá ńlá kan tí tíìmù méjèèjì ti ń pààrọ̀ aṣọ. Mo wọlé ní aago méjìlá láti fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ìwé fún rẹfirí. Ìdérí ìkòkò wà lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá. Ṣíbí kan kò dọ̀tí.

"Ẹ ò tíì jẹun?" mo bi wọ́n.

Wọ́n ń wo bàtà wọn. Jeremiah, balógun Padova, ló dáhùn. "Mummy, we dey okay. Ara wa gbé e."

Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Pásítọ̀ ní kí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e jẹun. Nínú ọkùnrin mẹ́rìndínlógójì tó ń gbaradì fún àṣekágbá, ta ló fẹ́ kọ́kọ́ dìde níwájú àwọn yòókù láti sọ pé ara òun kò gbé e? Gbénró pàápàá wà níbẹ̀, ó ń di okùn bàtà rẹ̀, kò wo ìkòkò. Mo dìbò tako Adésànmí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Adésànmí wọlé, ó ṣí ìkòkò, ó dé e padà. Ó wo aago. Gbogbo wa mọ̀ pé bí oúnjẹ kò bá wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, kò ní wúlò fún wọn mọ́ kí wọ́n tó jáde. Ibẹ̀ ló wà tí Pásítọ̀ Adélaní fi wọlé pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá, wọ́n fẹ́ gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Mo rò pé Adésànmí á fà wọ́n sí kọ̀rọ̀. Ohun tó bójú mu nìyẹn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Pásítọ̀, ẹ dákun, kẹ́ ẹ tó gbàdúrà," ó ní. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí gbọ́ ọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń wọ cella, yàrá òtútù yẹn. Ọdún kọkàndínlógún náà rèé tí mi ò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo máa ń jẹun, nínú bagno, kí àwọn ará tá a jọ ń ṣiṣẹ́ má baà rí mi. Ọjọ́ kejì tí mo ríṣẹ́ yẹn ni mo gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú ebi, muletto, ọkọ̀ agbẹ́rù tí mo ń wà, fẹ́ẹ̀ gorí ọkùnrin kan lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà. Díákónì ni mo jẹ́, èmi ni mo ń gbàdúrà ìṣínu fún ìjọ. Ẹ gba ipò náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìsinmi, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró kí n máa wo àwọn ọmọ yìí kí wọ́n máa tijú ohun tí èmi ti ń ṣe níkọ̀kọ̀."

Ó fa àga kan, ó bu ìrẹsì àti ẹ̀wà kún àwo, ó jókòó sí àárín yàrá níwájú Pásítọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Kí n má purọ́, inú bí mi. Inú bí mi gan-an ni. Ọdún méjìlá ni mo ti ń fi ebi dúró lórí irun oníbàárà láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ààwẹ̀ yẹn, tí ojú mi ń ṣú, ọkùnrin yìí ló sì máa ń sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ pé, Àǹtí Yẹ́misí, Ọlọ́run á gbà á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń jẹun nínú bagno fún ọdún mọ́kàndínlógún ló ń jẹun lójú gbogbo wa yìí. Mo padà sórí ìwé orúkọ mi.

Gbénró ló kọ́kọ́ dìde. "Dádì, ẹ bù fún mi," ó ní. "Kó pọ̀ díẹ̀." Jeremiah tẹ̀ lé e. Kí n tó parí orúkọ mẹ́ta lórí ìwé mi, wọ́n ti tò dé ẹnu ọ̀nà, Torino àti Padova jọ ń jà du ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, kì í ṣe lásán ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Pásítọ̀ Adélaní ti jáde. Wọn kò gbàdúrà mọ́.

Kí ni kí n wí nípa eré náà? Adésànmí ti bá rẹfirí sọ ọ́: ní àárín ìdá kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n da kúbùsù bò wọ́n, wọ́n mu tíì olóyin. Ooru òógùn ń gòkè lórí wọn bí èéfín. Padova fi góòlù méjì sí ọ̀kan borí, ṣùgbọ́n Gbénró sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú gbáko, nígbà tí fèrè ìkẹyìn sì dún, ó ń bá rẹfirí jiyàn pé àkókò kù. Ẹnikẹ́ni kò ṣubú. Ìyá àgbà kan láti balcone ń pariwo bravi, bravi, ohùn rẹ̀ há. Ẹsẹ̀ mi ti kú, etí mi ti kú, mo sì ń fò sókè. Bí ẹnì kan bá dárúkọ palazzetto fún mi lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá bá a jà. Adébíyìí alára wá bá mi, ó ní kí n fagi lé àdéhùn náà nínú ìwé ìpàdé, mo sì fagi lé e lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Adésànmí kò yọ̀. Ó ń ká kúbùsù ni. Ó mọ̀ pé ọjọ́ ìsinmi ń bọ̀.

Ọjọ́ ìsinmi náà, ìjọ kún. Ìròyìn ti rìn. Ìlà àga méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn díákónì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, níwájú pẹpẹ gan-an, èmi náà ń jókòó níbẹ̀. Adésànmí wọlé pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀, Olúwatómisìn. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì jókòó sórí àga tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé.

"Papà, perché ci sediamo qui?" ọmọ náà bi í ìdí tí wọ́n fi jókòó síbẹ̀, gbogbo ìjọ sì gbọ́.

"Jókòó, tesoro," ó ní.

Orin parí. Pásítọ̀ gun orí pẹpẹ. Kí wọ́n tó lanu, Díákónì Irewọlédé, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé ẹran, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó mú Bíbélì rẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn, ó jókòó ti Adésànmí. Oyinkán ló tẹ̀ lé e, òun tó ń gbé arúgbó sókè sódò láti orí ibùsùn lójoojúmọ́. Ó ń sunkún bó ṣe ń lọ. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin méjì láti magazzino, lẹ́yìn náà, ẹnì kan tí mo lè fi orí mi búra pé ó máa ń gbààwẹ̀. Mo ka àwọn tó ń jẹun níkọ̀kọ̀ bíi tirẹ̀ dé mẹ́rìnlá kí n tó jáwọ́. Ìlà tiwa níwájú ti ṣófo bí ẹnu arúgbó.

Pásítọ̀ Adélaní wo àwọn àga òfìfo yẹn pẹ́. Mi ò mọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn, mi ò sì ní díbọ́n pé mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n yọ maikí kúrò lórí irin, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba àárín wa kọjá lọ tààrà sí ẹ̀yìn. Wọ́n dúró níwájú Adésànmí. Adésànmí dìde, ó ṣí fìlà, ó ń retí ohun tó ń bọ̀. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n ní kó jókòó.

Wọ́n wá kọjú sí àwa tá a kù níwájú.

"Ẹ yí àga yín padà," wọ́n ní. "Ibí ni ìsìn ti máa bẹ̀rẹ̀ lónìí."

A dìde, a yí àga wa padà, ariwo ẹsẹ̀ àga gba ilé kan. Bí èmi Yẹ́misí, tí mo gba ààwẹ̀ mi pé pérépéré, tí ebi sì ń pa mí lọ́jọ́ náà, ṣe di ará ẹ̀yìn nìyẹn. Mo na ọrùn kí n lè rí Adésànmí dáadáa, mo sì sọ fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, àbúrò mi nìyẹn.